Ẹ MÁ KÀN GBÉ WỌN SÍWÁJÚ KÁMẸ́RÀ, Ẹ FI KÁMẸ́RÀ LÉ WỌN LỌ́WỌ́

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ máa fẹ́ ṣe Àmín sí.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n la fẹ́ sọ, àti ti àwọn tí kò sẹ́ni tó ń rántí pè síbẹ̀. Láyé tá a wà yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ìjọba, yunifásítì àti àwọn àjọ aláàánú ń para pọ̀ láti kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ yìí. Wọ́n á ní: "Ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, ẹ̀yin ará abúlé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìpèníjà ara." Ohun tó dáa ni. Àmọ́ a ti rí èyí tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́, a sì ti rí èyí tó jẹ́ fọ́tò lásán. Ká tó nàka sí ẹnikẹ́ni, ilé wa la ti máa bẹ̀rẹ̀.

ÀṢÌṢE TIWA

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní òru àìsùn kan, tọkọtaya kan mú ọmọkùnrin wọn wá síwájú pẹpẹ. Adití ni. Ó ti lé lógún ọdún, ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití, ó mọ̀wé dáadáa. A gbàdúrà fún un tọkàntọkàn. Kámẹ́rà mẹ́ta ló ń yà wá. A pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn etí rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Háà! Gbogbo ìjọ pariwo. Orin gba ilé kan. Àwọn ẹ̀ka fídíò wa gé ibẹ̀ yẹn, wọ́n fi orin sí i, wọ́n gbé e sórí ìkànnì yìí kílẹ̀ tó mọ́. Àkọlé tá a fún un ni pé adití gbọ́ràn. Àwọn tó wò ó pọ̀ gan-an. Bóyá ìwọ tó ò ń kà á yìí wò ó.

Ọmọ náà ò gbọ́ràn o. Atẹ́gùn ọwọ́ wa ló fẹ́ sí i lọ́rùn, òun ló jẹ́ kó bojú wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì gan-an la mọ̀, torí ìyá rẹ̀ pè wá lórí fóònù. A sọ fún ìyá pé kó di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú. A ò yọ fídíò náà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọ náà wá bá wa ní ọ́fíìsì. Kò mú ẹnikẹ́ni dání tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ó tì í síwájú wa. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé: "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fídíò yẹn. Níbi tí mo ti lọ wáṣẹ́, wọ́n ní òpùrọ́ ni mí, pé mo ń gbọ́ràn, mo kàn ń díbọ́n."

Ẹ̀yin ará, a ti ń wàásù láti ìgbà tá a ti wà lọ́dọ̀ọ́. Kò sí ìwàásù tó tíì gún wa lọ́kàn bíi ti ìwé yẹn. A yọ fídíò náà lójú ẹsẹ̀. A sì bẹ ọmọ náà. Àgbàlagbà kì í bẹ ọmọdé, àwọn kan á wí. Àwa bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fẹ́ dìde, ó tún fa ìwé náà mọ́ra, ó kọ gbólóhùn mìíràn sí i: "Ta ló gé fídíò yẹn? Kò gé e dáa. Iná yí padà láàárín, ojú yín kò sì sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀."

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la pe ọmọ tó ń gé fídíò wa, tá a ní kó bá wa wò ó. Òótọ́ ni. Gbogbo àwa tá a létí, a ò rí i. Adití tá a fẹ́ wò sàn ló rí i. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi í pé níbo ló ti mọ̀ ọ́n. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń gé fídíò ìgbéyàwó fún àwọn adití ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti fi wà nínú ìjọ wa. Kámẹ́rà mẹ́ta la ní, kọ̀ǹpútà wà, iná wà. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun kan ṣoṣo la rí lára rẹ̀: etí.

ỌJỌ́ MÁRÙN-ÚN ÌJÓKÒÓ

Lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ pé àjọ kan fẹ́ bá àwọn ìjọ àdúgbò wa ṣe àjọṣepọ̀. Wọ́n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ fíìmù fún ọjọ́ márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ sí wa sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó ní ìpèníjà ara làwọn ń wá jù. Inú wa dùn. A fún wọn ní gbọ̀ngàn wa, a ra epo sí jẹnẹrétọ̀, àwọn ìyá ìjọ gbé ìkòkò kaná. A fi orúkọ ọmọ yìí sílẹ̀, pẹ̀lú adití méjì mìíràn àti arábìnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ.

Ọjọ́ kìíní, kò sí ògbufọ̀ èdè ọwọ́. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Ọjọ́ kejì, kò dé. Olùkọ́ kọjú sí pátákó, ó kẹ́yìn sí wọn, ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, wọn ò lè wo ètè rẹ̀ pàápàá. Tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, àwọn adití mẹ́ta náà á rẹ́rìn-ín, kó má baà dà bíi pé wọ́n gọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kó kámẹ́rà lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti kọ́ wọn bí a ṣe ń to iná. Arábìnrin oníkẹ̀kẹ́ wà nísàlẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Ẹ ṣàkíyèsí o: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìjọ tiwa ni. Àwa la kọ́ ọ, tá a gbé yàrá fídíò sókè pátápátá, tá ò ro ti arọ kankan.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bánà ńlá dé. Ayàwòrán dé. Wọ́n ní káwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ síwájú ní àárín gbùngbùn. Wọ́n fún wọn ní sàtífíkéètì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kí wa, wọ́n lọ. Títí dòní, a ò gbúròó wọn mọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu.

A bi ọmọ náà nínú ìwé pé kí ló rí kọ́. Ó kọ ọ́ pé: "Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó fún ọjọ́ márùn-ún."

A ò ní dárúkọ àjọ náà. Kò wúlò, torí ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí tiwa. Àwa fi ọmọ náà wá ìgbórúkọ-lárugẹ fún iṣẹ́ ìyanu tí kò ṣẹlẹ̀. Àwọn náà fi í wá ìgbórúkọ-lárugẹ fún ẹ̀kọ́ tí kò wáyé. Èyí ló jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ yìí.

ẸNI TÍ À Ń WÒ KÌ Í WÒRAN

Ẹ ronú sí àwọn fíìmù wa, ti ayé àti ti ìjọ. Níbo la ti ń rí afọ́jú? Létí títì, pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Níbo la ti ń rí arọ? Níbi tí ìkà ti ń jẹ èrè ìkà rẹ̀. Adití ńkọ́? Òun ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. Nínú fíìmù tí àwa Kristẹni ń ṣe, ipò kan ṣoṣo ló kù fún wọn: kí wọ́n dúró de ìparí eré, kí pásítọ̀ dé, kí ojú là, kí ẹsẹ̀ nà, kí a kọrin. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ló sábà máa ń ṣe eré náà pẹ̀lú. Ó ṣe bí arọ láàárọ̀, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ sílé lálẹ́.

Ìbéèrè àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù nínú Jòhánù orí kẹsàn-án ṣì wà lẹ́nu wa. Wọ́n rí afọ́jú, ohun tí wọ́n sì fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀. Olúwa wa kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù wa, àwa ṣì ń dáhùn pé: "Ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ṣoògùn owó." Ọmọdé tó ní ìpèníjà ara jókòó nínú pálọ̀, ó ń wò ó pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí lẹ rò pé ó ń kọ́ nípa ara rẹ̀?

Àwọn bàbá wa ní ẹni tí à ń wò kì í wòran. Àwọn èèyàn yìí la ti ń wò látọjọ́ yìí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìtàn wọn fi lè yí padà ni kí àwọn náà wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ìtàn, níbi tí wọ́n ti ń yà á, níbi tí wọ́n ti ń gé e. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi kàn wá.

JÚDÀ ÀTI DÁNÌ

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ẹ́kísódù orí karùndínlógójì. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ kọ́ àgọ́ Rẹ̀, Ó dárúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ méjì. Bẹ́sálẹ́lì ni ìkíní, láti ẹ̀yà Júdà. Àhólíábù ni ìkejì, láti ẹ̀yà Dánì. Lọ sí Númérì orí kẹwàá wàyí, kó o wo bí àwọn ẹ̀yà ṣe ń tò nígbà tí wọ́n bá ń rìn nínú aginjù. Ta ló ń ṣáájú? Júdà. Ta ló wà lẹ́yìn gbogbo ibùdó? Dánì. Ọlọ́run mú ọ̀kan níwájú, Ó mú ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá, Ó ní kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kan náà. Ìyẹn nìkan kọ́. Bíbélì tún jẹ́ ká mọ̀ pé Ó fi í sí ọkàn àwọn méjèèjì láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Àjọṣepọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rèé o! Ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn, irinṣẹ́ kan náà, ọlá kan náà. Kì í ṣe pé Bẹ́sálẹ́lì ń ṣiṣẹ́, tí Àhólíábù ń bá a gbé omi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí Mósè ní ẹnu òun wúwo, Ọlọ́run kò ní kó lọ jókòó títí ẹnu rẹ̀ á fi já gaara. Ó fún un ní Áárónì. Lédè tòní, Ó fún un ní ògbufọ̀, iṣẹ́ sì ń lọ.

ÌJỌ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ NÍDÌÍ IṢẸ́ YÌÍ

Àwọn kan á ní kí ló kan pásítọ̀ nínú ọ̀rọ̀ fíìmù. Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Lọ́dún 1944, Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) ní Lagos ló ní kí Hubert Ògúndé ṣe eré tí wọ́n máa fi kówó ilé ìjọsìn jọ. Ọlọ́pàá ni Ògúndé nígbà náà. Eré ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run ló gbé jáde. Kò pẹ́ tó fi fiṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ ibi tó bá iṣẹ́ eré Yorùbá dé, láti orí ìtàgé títí dórí fíìmù. Lọ́dún 1985, Mike Bámilóyè dá ẹgbẹ́ Mount Zion sílẹ̀, àwọn fíìmù wọn sì ti wọ ilé tí ẹsẹ̀ oníwàásù ò lè wọ̀. Ìjọ ló fún iṣẹ́ yìí ní ilé àkọ́kọ́. Kò yẹ kí ìjọ wá di ibi tí ilẹ̀kùn ti máa há mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí ọdún 1960 ń yí lọ, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti ń darí ẹgbẹ́ eléré tiẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n kò wọ yunifásítì. Ilé-ẹ̀kọ́ eré ní Yunifásítì Ìbàdàn gbà á sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́fà lọ́dún 1962, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà sì fowó ràn án lọ́wọ́. Kí ló ti ibẹ̀ jáde? Eré Ọ̀mùtí tí wọ́n mú láti inú ìwé Amos Tutùọlá, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn lọ́dún 1963, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ìmọ̀. Àwọn kan ní owó. Iṣẹ́ gidi sì wà ní ìparí rẹ̀, tí àwọn èèyàn sanwó wá wò. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọbẹ̀ dànù. Ọjọ́ márùn-ún tá a ṣe ní gbọ̀ngàn wa, ààrò kan ṣoṣo ló ní: owó bánà.

ÀWỌN TÓ Ń ṢE É DÁADÁA

Láti ọdún 1995 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Jos. Lọ́dún 2018, MultiChoice dá Talent Factory sílẹ̀ ní Lagos, Nairobi àti Lusaka. Ogún ọ̀dọ́ péré ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbà, ọdún kan gbáko ni wọ́n sì fi kọ́ wọn. Yunifásítì Pan-Atlantic wà nínú ti Lagos. Ẹ ṣírò rẹ̀: èèyàn díẹ̀, àkókò gígùn. Lọ́dún 2021, EbonyLife náà dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lagos, ìjọba ìpínlẹ̀ Lagos dúró tì í, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì sanwó ilé-ìwé. Ohun tó yẹ ká máa bi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ báyìí ni pé: ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, ṣé àyè wà fún un lára àwọn ogún yẹn?

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ Peckham dáadáa. Ibẹ̀ ni John Boyega ti dàgbà, ọmọ Nàìjíríà tó ṣe fíìmù Star Wars. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀, nínú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì bíi tiwa. Kì í ṣe ilé olówó ló ti kọ́ṣẹ́. Theatre Peckham, tó wà fún àwọn ọmọ àdúgbò, ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó tún dé ilé-ẹ̀kọ́ Identity, tí Fẹ́mi Ògúns, ọmọ wa, dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 nítorí pé àwọn adúláwọ̀ kò rí àyè dáadáa nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ eré tó ti wà ńlẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ ká kíyè sí i pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Kò dúró kí ẹlòmíràn wá fi í sí àárín fọ́tò.

Tó bá jẹ́ pé àánú nìkan lẹ rò pé a fi ń sọ ọ́, ẹ rántí Marlee Matlin. Adití ni. Lọ́dún 1987, ó gba Oscar fún òṣèré obìnrin tó dára jù. Lọ́dún 2022, adití mìíràn, Troy Kotsur, gba tiẹ̀ nínú fíìmù CODA, fíìmù náà fúnra rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn bàbá wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ta ló wá mọ ojú kà ju adití lọ?

ANDREW FOSTER KÒ BÉÈRÈ FỌ́TÒ

Ọkùnrin kan wà tó yẹ ká máa dárúkọ rẹ̀ nínú ìjọ. Andrew Foster ni, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà. Àìsàn sọ ọ́ di adití nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, lọ́dún 1954. Míṣọ́nárì ni. Ó dé Ghana lọ́dún 1957, nígbà tó sì di ọdún 1960, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn wa níbí. Ó dá irú rẹ̀ tó lé ní ọgbọ̀n sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà kó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú lọ́dún 1987.

Adití ló kọ́ adití. Ó wàásù Jésù fún wọn, ó kọ́ wọn níwèé, ó kọ́ àwọn kan nínú wọn láti di olùkọ́. Kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ràn kó tó kọ́ wọn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àjọ kò mọ̀, tí wọ́n fi ń ṣi iṣẹ́ ṣe. Èdè ọwọ́ tí Foster mú wá láti Amẹ́ríkà ni èyí tí àwọn adití ń lò nílẹ̀ wa kọ́ tan mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn níwèé. Torí náà, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ adití lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kó má mọ Yorùbá kà rárá. Tẹ́ ẹ bá fi ìwé Yorùbá lé e lọ́wọ́, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù Yorùbá ni ọmọ yìí ń kà láti kékeré tó fi mọ ìtàn wa. Àwọn fídíò ìwàásù tiwa ńkọ́? A ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sísàlẹ̀ wọn. Àwọn eléré ayé ronú kàn án jù wá lọ.

Ẹ TÚN Ń BÉÈRÈ PÉ...

"Pásítọ̀, ṣé Ọlọ́run ò wo aláìsàn sàn mọ́ ni?" Ó ń wò wọ́n sàn. A gbà á gbọ́, àá sì kú sínú ìgbàgbọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń gbàdúrà fún gbọ́dọ̀ jẹun lónìí. Nígbà tí Dáfídì rí Mefibóṣẹ́tì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ, ó dá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà fún un, ó sì fún un níjòókòó lórí tábìlì ọba. Bí orí yẹn ṣe parí, ẹsẹ̀ Mefibóṣẹ́tì ṣì rọ. Àyè rẹ̀ lórí tábìlì kò sì yẹ̀.

"Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀?" Lọ́dún 2021, UNESCO ṣírò rẹ̀ pé iṣẹ́ fíìmù ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn síṣẹ́ ní Áfíríkà. Kì í ṣe òṣèré nìkan ni. Ẹni tó ń gé fídíò wà níbẹ̀, ẹni tó ń to iná, ẹni tó ń rán aṣọ, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fíìmù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ojú àti ọwọ́ ṣe pọ̀ nínú rẹ̀.

"Ṣé dandan ni?" Òfin ilẹ̀ wa ní dandan ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ ti buwọ́ lu òfin tó ní a ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ẹni tó ní ìpèníjà ara. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò láti ṣe ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ìjọ yín.

"Owó dà?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹ rántí iye tá a ná sórí aṣọ àjọ̀dún tó kọjá. Aṣọ yẹn ti ń ṣá báyìí.

OHUN TÁ A TI ṢE, ÀTI OHUN TÁ A FẸ́

A ti kó yàrá fídíò wa wá sísàlẹ̀. Àwọn alàgbà kan bínú, torí ọ́fíìsì wọn la gbà. Wọ́n á dárí jì wá. Arábìnrin oníkẹ̀kẹ́ náà ló ń bójú tó kámẹ́rà kejì báyìí lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. A gba ògbufọ̀ èdè ọwọ́, a ń sanwó fún un, a sì rán àwọn ọ̀dọ́ méjì lọ kọ́ èdè náà kó má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo la gbójú lé. A kì í gbé fídíò ẹnikẹ́ni tá a gbàdúrà fún síta mọ́, àfi tó bá fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀, tí dókítà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ tá a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti ń bá wa gé fídíò fún oṣù mẹ́ta. Owó oṣù là ń san fún un, kì í ṣe owó ọkọ̀. Òun ló ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ ìwàásù wa, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ìjọ ló ń bá a túmọ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ yín ti kọ ọ́ síbí pé fídíò wa dára sí i. Ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún àwọn àjọ tó bá tún fẹ́ bá wa ṣe àjọṣepọ̀, ẹ káàbọ̀, gbọ̀ngàn wa ṣí sílẹ̀. Àmọ́ àwa náà ní ìbéèrè mẹ́ta tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ dáhùn. Ìkíní: nínú àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ yìí, mélòó ló jẹ́ adití, afọ́jú tàbí arọ fúnra wọn? Ìkejì: ṣé owó ògbufọ̀ wà nínú ìṣirò yín láti ọjọ́ kìíní, àbí ẹ fẹ́ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a? Ìkẹta: lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí, ta ló máa gbà wọ́n síṣẹ́, oṣù mélòó ló sì máa fi sanwó fún wọn? Tẹ́ ò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí bánà yín wà nílé.

Ẹ̀yin olùdarí fíìmù tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ, a mọ̀ yín. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹ mú ẹyọ ẹnì kan péré lára wọn sórí fíìmù yín tó ń bọ̀, kí ẹ kọ́ ọ níṣẹ́, kí orúkọ rẹ̀ sì jáde ní ìparí. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fi ọmọ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn tí àlejò bá dé, ẹ mú un jáde. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ràn láti máa ṣe. Ẹ lè gbọ́ ohun tó máa yà yín lẹ́nu.

Ohun kan ló kù tá a gbọ́dọ̀ sọ, ká má baà tún gé fídíò kan tó dùn jù. Ọmọ náà kò tíì padà wá sí ìsìn. Ọjọ́ Ajé ló ń wá, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á kí wa, á lọ. A ò tíì bi í léèrè, a ò sì ní fipá mú un. A ba nǹkan jẹ́ níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan la fi ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, àga kan máa ń wà lápá ọ̀tún níwájú, níbi tó ti lè rí ògbufọ̀ kedere. A ní kí àwọn aṣọ́nà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.

Ẹ bá wa gbàdúrà. Kí Olúwa là wá lójú láti rí ohun tó fi sínú àwọn tá a ti ń wò láìrí. Kó dárí jì wá níbi tá a ti fi ara ẹlòmíràn wá ògo fún ara wa. Kí ọmọ yín tó ní ìpèníjà ara má ṣàìrí ẹni tó máa fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ní orúkọ Jésù.

Tẹ́ ẹ bá mọ adití, afọ́jú tàbí arọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà tàbí gígé fídíò, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síta níbí. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi bóyá ó fẹ́.

Ó dàárọ̀ o. Àwa ni pásítọ̀ yín.